Ẹyin angelfish mi ń funfun nígbà gbogbo: ṣé takọtabo ni mo ní lóòótọ́?

Ọmọ_Òkè_Àdó (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé.

Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, mo ra angelfish méjì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́. Ó ní takọtabo ni wọ́n, pé èyí tó tóbi ni akọ, èyí tó kéré ni abo. Mo gbà á gbọ́, torí mi ò mọ nǹkan kan nígbà yẹn. Wọ́n dàgbà, wọ́n mọwọ́ ara wọn, wọn kì í jẹ́ kí ẹja mìíràn sún mọ́ igun tí wọ́n yàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti yé ẹyin sára páìpù fíltà. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹyin náà ti funfun, ó ti hu nǹkan bí òwú, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Táńkì mi gba lítà 120. Hítà wà níbẹ̀, 27 °C ni mo fi sí. Omi kànga ni mò ń lò, mo máa ń gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó dà á sí i, mo sì ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? Àbí wọn kì í ṣe takọtabo rárá? Kribensis àti àwọn ẹja Malawi ni mo fẹ́ rà tẹ̀ lé e, mi ò sì fẹ́ kó sínú ohun kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá_Táńkì (Abẹ́òkúta)

Ọmọ mi, o káre. Ó dùn mọ́ mi pé o sọ bí omi rẹ ṣe gbóná tó àti ibi tí o ti ń pọn ọ́n. Ọ̀pọ̀ ló máa ń béèrè láìsọ ìyẹn, a ó wá máa méfò.

Ẹni tó tà á fún ọ lè má mọ̀ọ́mọ̀ tàn ọ́ jẹ. Òfin ẹja kan ló mú lò fún òmíràn. Nínú kribensis, akọ ló ń tóbi ju abo. Nínú convict náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Angelfish kò sí lára wọn. Bí ọmọ ìyá kan náà bá jọ jẹun nínú táńkì kan, èyí tó bá mọ oúnjẹ jà jù ni yóò tóbi jù, ìbáà ṣe akọ, ìbáà ṣe abo. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń sin ẹja yìí, mi ò sì tíì pàdé ẹni tó lè nàka sí angelfish tí kò tíì yé ẹyin rí kó ní “akọ rèé” kí n fọkàn tán an.

Dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ń yé ẹyin, ṣé ẹyọ kan ló ń fi ẹyin lélẹ̀ tí èkejì ń tọ ẹ̀yìn rẹ̀, àbí àwọn méjèèjì ló ń fi ẹyin lélẹ̀? Bí o bá fojú díwọ̀n rẹ̀, ẹyin náà tó mélòó? Ṣé gbogbo rẹ̀ ló funfun, àbí ó ku díẹ̀ tó mọ́ gaara tó ń pọ́n díẹ̀ bí oyin?

Gíláàsì_Mímọ́ (Ìkòròdú)

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Iwájú orí ni wọ́n kọ́ mi pé ká máa wò. Bí iwájú orí angelfish bá yọ gegele díẹ̀, akọ ni. Bó bá tẹ́ lọ tààrà dé ẹnu, abo ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń yan tèmi, mo sì ti rí ọmọ gbà lára wọn.

Bàbá_Táńkì

Gíláàsì, mi ò bá ọ jiyàn pé o rí ọmọ gbà. Àmọ́ ẹja mélòó lo yàn, mélòó ló sì já sí bí o ṣe rò? Bí ènìyàn bá kàn ń ṣẹ́ owó ẹyọ láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo, yóò gba ìdajì rẹ̀ ní títọ́.

Àwọn akọ tó ti gbó máa ń ní iwájú orí tó yọ lóòótọ́, pàápàá àwọn tí wọ́n ti sin fún ìgbà pípẹ́ nínú táńkì. Ṣùgbọ́n mo ní ìyá àgbà kan nílé, orí rẹ̀ yọ ju ti ọkọ rẹ̀ lọ, òun ló sì ń yé ẹyin. Àmì tó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ tó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Fún ẹni tí ẹyin rẹ̀ ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò tó.

Ọmọ_Òkè_Àdó

Ẹ ṣé o, bàbá. Ìgbà kẹta nìkan ni mo jókòó wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé èyí tó kéré kọ́kọ́ fi ìdí fa ara páìpù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹyin sì tò tẹ̀ lé e lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, èyí tó tóbi náà wá fi ìdí fa ara páìpù. Mo rò pé àtọ̀ ló ń dà sí i. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí ẹ béèrè, mo rántí pé ibi tó gbà kọjá kò ní ẹyin tẹ́lẹ̀, nígbà tó sì kọjá, ẹyin wà níbẹ̀.

Ẹyin náà pọ̀ gan-an. Ó bo páìpù yíká, àwọn kan tilẹ̀ gun orí ara wọn. Kò ṣẹ́ ku ọ̀kan tí kò funfun.

Bàbá_Táńkì

Ìdáhùn rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ọ̀rọ̀ náà. Ó jọ pé abo méjì lo ní.

Bí kò bá sí akọ nínú táńkì, abo méjì máa ń fẹ́ ara wọn bíi tọkọtaya. Wọ́n á fi ẹnu nu ibi tí wọ́n fẹ́ yé ẹyin sí, wọ́n á lé ẹja mìíràn, wọ́n á fi lẹbẹ fẹ́ omi sí ẹyin. Gbogbo ìṣe tọkọtaya ni wọ́n ń ṣe, àtọ̀ nìkan ni kò sí. Ẹyin tí kò gba àtọ̀ yóò kú, ohun tó kú yóò sì hu olú. Olú yẹn ni òwú tí o rí. Òun kọ́ ló pa ẹyin. Àwọn ènìyàn á máa da oògùn sómi nítorí olú, wọn ò ní mọ̀ pé ẹyin náà ti kú kí olú tó dé ibẹ̀.

Akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bálágà náà lè má mọ̀ ọ́n ṣe ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹyin á sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nínú tirẹ̀, díẹ̀ yóò ṣẹ́ kù tí kò ní funfun. Ìdí tí mo fi béèrè nìyẹn.

Kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, dúró de ìgbà kẹrin. Bó bá ku ọjọ́ kan tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n yé ẹyin, nǹkan kékeré kan máa ń yọ síta lábẹ́ ikùn wọn, ní iwájú lẹbẹ ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹyin tàbí àtọ̀ ń gbà jáde. Ti akọ tín-ín-rín, ó ṣóńṣó lẹ́nu, ó sì máa ń kọjú síwájú díẹ̀. Ti abo nípọn, orí rẹ̀ kúkú, ó dà bí ẹni pé wọ́n gé e, torí ẹyin tó tóbi ju àtọ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, má fọwọ́ kàn wọ́n. Bí méjèèjì bá kúkú lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá_Elépìyà (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá_Táńkì. Ọ̀rọ̀ yín yìí mú mi wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja jíjẹ ni mo ń sin, kì í ṣe ti ọ̀ṣọ́. Ẹ má gbàgbé pé ìdílé kan náà ni epìyà inú ọbẹ̀ wa àti angelfish inú gíláàsì ti wá. Síkílíìdì ni wọ́n pè gbogbo wọn.

Àwa tó ń sin epìyà kò lè dúró kí wọ́n yé ẹyin ká tó mọ̀. Bí akọ àti abo bá jọ wà nínú adágún kan, wọ́n á bímọ títí ẹja wẹ́wẹ́ á fi kún ibẹ̀, oúnjẹ ò ní í kárí, gbogbo wọn á sì ràn. Nítorí náà, a máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́wọ́ọ̀wọ́. Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Rẹ ọwọ́ rẹ sínú omi, torí ọwọ́ gbígbẹ máa ń bó ikun ara ẹja. Dì í mú, kí ikùn rẹ̀ kọjú sókè. Láti ìhà orí wá sí ìhà ìrù, ihò àkọ́kọ́ tí o máa rí ni ibi ìgbẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹran kékeré kan yọ. Ti akọ, ihò kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ẹran yẹn, ibẹ̀ ni ìtọ̀ àti àtọ̀ jọ ń gbà. Ti abo, ihò méjì ni: èyí tó ṣe gbọọrọ níbùú ni ẹyin ń gbà, èyí tó dà bí ojú abẹ́rẹ́ ni ìtọ̀ ń gbà. Ní kúkúrú, akọ ní ihò méjì lápapọ̀, abo ní mẹ́ta. Bí ojú kò bá rí i dáadáa, fi òwú kan methylene blue díẹ̀ sí i, àwọ̀ náà á dúró sí ojú ihò, yóò sì hàn kedere.

Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyí, ọgọ́rùn-ún ẹja àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń ṣì jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ á mọ́.

Nǹkan kan tún wà tó ń dùn mí. Àwọn ènìyàn rò pé ẹja tí ẹnu rẹ̀ bá wú, tó kó ọmọ sẹ́nu, abo ni. Epìyà odò Náílì, lóòótọ́, abo ló ń kó o. Ṣùgbọ́n epìyà ọ̀sà wa tó dúdú lágbọ̀n, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní *Sarotherodon melanotheron*, akọ rẹ̀ ló ń kó ẹyin sẹ́nu. Mo ti rí ẹni tó kó gbogbo “abo” sọ́tọ̀ báyìí, bàbá ni gbogbo wọn.

Gíláàsì_Mímọ́

Màmá, a dúpẹ́. Ṣé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí angelfish náà?

Ìyá_Elépìyà

Má ṣe é. Epìyà le lára, angelfish pẹlẹbẹ, ó sì gbẹgẹ́. Bí kò bá tíì tó àkókò à ti yé ẹyin, ihò rẹ̀ kéré débi pé wàá kàn fìyà jẹ ẹ́ lásán ni. Àwọn ẹja tó ki dáadáa ni ọ̀nà yìí bá mu.

Mọ́remí_Manchester

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ẹja Malawi ni tèmi, mo sì fẹ́ kí ẹni tó béèrè gbọ́ èyí kó tó náwó.

Nínú adágún Malawi, àwọn kan wà tí ènìyàn kò lè ṣì mú bí wọ́n bá ti dàgbà. *Melanochromis auratus*: abo yẹ́lò, ó ní ìlà dúdú, akọ dúdú, ó ní ìlà tó mọ́lẹ̀. Kenyi, *Maylandia lombardoi*, ó yí padà sí ohun tí ènìyàn ń retí: abo àti ọmọ kékeré ló ní àwọ̀ búlúù, akọ tó dàgbà ló ń di yẹ́lò. Àwọn aulonocara, akọ nìkan ló ń dán bí aṣọ ọdún, abo dà bí eérú.

Lẹ́yìn náà ni a dé ọ̀dọ̀ ẹja yẹ́lò kékeré tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn, *Labidochromis caeruleus*. Akọ yẹ́lò, abo yẹ́lò. Wọ́n á ní kí o wo dúdú tó wà lára lẹbẹ ìsàlẹ̀, pé ti akọ dúdú jù. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ abo tó jẹ gàba náà lè ní dúdú tó pọ̀. Ibi tí ọ̀nà màmá ti wúlò nìyí. Mo máa ń fi àwọ̀n tó tutù dì í mú, mo sì ń wo ìdí rẹ̀: ti akọ, ihò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba; ti abo, ihò ẹ̀yìn tóbi ju ti iwájú lọ. Ká tó ka ogún, mo ti dá a padà sómi.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àmì roboto tó wà lára lẹbẹ ìsàlẹ̀ tàn yín. Àmì yẹn jọ ẹyin. Abo máa ń yé ẹyin, á sì yára kó o sẹ́nu. Akọ á wá na lẹbẹ tó ní àmì yẹn síwájú rẹ̀, òun náà á fẹ́ ṣa á bí ẹyin, ibẹ̀ ni àtọ̀ ti ń wọ ẹnu rẹ̀. Onímọ̀ ará Jámánì kan, Wolfgang Wickler, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1962. Nítorí ìtàn tó dùn yìí, àwọn ènìyàn gbà pé ẹni tó bá ní àmì ni akọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ abo ní i, tiwọn kàn lè má pọ̀ tàbí kó má mọ́lẹ̀ tó ti akọ ni.

Nípa pé èyí tó tóbi ni akọ, ẹ wo adágún Tanganyika. Ẹja kan wà níbẹ̀, *Lamprologus callipterus*, tí abo rẹ̀ ń wọ inú ìkarahun ìgbín yé ẹyin. Akọ gbọ́dọ̀ lágbára tó láti gbé ìkarahun náà, abo gbọ́dọ̀ kéré tó láti wọ̀ ọ́. Akọ wúwo ju abo lọ ní ìlọ́po méjìlá. Nínú adágún kan náà, *Julidochromis marlieri* wà, abo rẹ̀ ló tóbi ju akọ. Orúkọ ẹja ni kí o kọ́kọ́ mọ̀, ọmọ ìyá mi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí o tó máa wá àmì.

Gíláàsì_Mímọ́

Àǹtí Mọ́remí, ìbéèrè kan ti ń gbé mi lọ́kàn tipẹ́. Mo ní aulonocara kan tó ti wà bí eérú fún ọdún kan àtààbọ̀. Abo ni mo pè é. Akọ mi kú lóṣù tó kọjá. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, “abo” náà ti di búlúù láti orí dé ìrù. Ṣé ẹja lè yí padà láti abo sí akọ?

Mọ́remí_Manchester

Akọ ni látìbẹ̀rẹ̀, àbúrò. Ó ń fara pamọ́ ni. Bí akọ kan bá ti jọba nínú táńkì, àwọn akọ tó kù máa ń bo àwọ̀ wọn mọ́lẹ̀, wọ́n á dúró ní àwọ̀ abo kí wọ́n má baà jẹ ìyà. Bí ọba bá wàjà, ẹlòmíràn á gorí ìtẹ́. Àwọn ẹja òkun kan wà tó ń yí padà lóòótọ́, wrasse wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí o rí nínú táńkì rẹ kì í ṣe ìyẹn.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà, ó sì ń bí mi nínú. Àwọn olùtà kan máa ń fi omi ìsúnniṣe akọ sínú oúnjẹ ẹja kéékèèké kí gbogbo wọn lè tètè dán. Ènìyàn á ra mẹ́fà, á rò pé akọ mẹ́fà ni. Bó bá di oṣù díẹ̀ tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ tó mọ́, àwọ̀ á ṣí lára àwọn abo. Omi ìsúnniṣe yẹn tún lè ba bíbí wọn jẹ́. Bí o bá rí táńkì tí ẹja kéékèèké tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 ti ń dán gbinrin láìku ẹyọ kan, kúrò níbẹ̀.

Ìyá_Elépìyà

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Ní oko epìyà náà, wọ́n ń lò ó. Methyltestosterone lorúkọ rẹ̀, wọ́n ń pò ó mọ́ oúnjẹ ọmọ ẹja fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin láti ìgbà tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, kí gbogbo wọn lè di akọ. Àtijẹ ni wọ́n fẹ́ kí tiwọn tètè tóbi fún, wọn ò fẹ́ kí wọ́n bímọ. Ẹni tó bá fẹ́ sin ọmọ kò gbọdọ̀ ra irú rẹ̀.

Olódò_Ethiope (Sápẹ́lẹ́)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ dárúkọ kribensis, mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, torí ẹja ilé wa ni. Iṣẹ́ ló gbé mi dé ìhà ibí, odò Ethiope ò sì jìnnà sí mi. Lẹ́bàá koríko etídò, níbi tí omi ti mọ́ gaara tí kò sì sáré púpọ̀, kribensis wà níbẹ̀. *Pelvicachromis pulcher* ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Kribi tó wà nínú orúkọ tí ẹnu mọ́, ìlú kan ní Kamẹrúùnù ni, ṣùgbọ́n gúúsù Nàìjíríà gan-an ni ẹja yìí ti pọ̀. Inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá rí ọmọ Nàìjíríà tó ń ra á bí ọjà òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ akọ àti abo rẹ̀ rọrùn bí ẹ bá wo ìrísí lẹbẹ kí ẹ tó wo àwọ̀. Lẹbẹ ẹ̀yìn akọ àti lẹbẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣóńṣó lọ sẹ́yìn títí dé orí ìrù, àárín ìrù rẹ̀ náà sì gùn jáde. Akọ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, abo kì í sábà kọjá 7 tàbí 8. Ti abo, lẹbẹ wọ̀nyí yípo lẹ́nu. Lẹbẹ méjì tó wà lábẹ́ àyà náà, ti abo kúrú, ó sì yípo. Ti akọ gùn, ó sì ṣóńṣó. Ara abo ki, ó kúrú, ikùn rẹ̀ pupa bí ojú osùn. Àkókò tó bá fẹ́ yé ẹyin, pupa yẹn á le débi pé wàá rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Kì í dúró de akọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ ara rẹ̀ kọdọrọ níwájú akọ, tí yóò máa gbọ̀n, tí yóò máa fi ikùn náà hàn án. Nínú ọ̀pọ̀ ẹja, akọ ló ń ṣe ọ̀ṣọ́. Nínú èyí, ìyàwó ló ń lé ọkọ.

Kí ló dé tí mo fi ní ẹ má wo àwọ̀ nìkan? Torí akọ kan wà tí ikùn òun náà ń pọ́n díẹ̀, ọmọ kékeré kò sì tíì ní àwọ̀ kankan. Fi ìkòkò amọ̀ kékeré tàbí èèpo àgbọn tí o lu ihò sí sínú táńkì. Èyí tó bá wọlé tí kò jáde mọ́ láti máa ṣọ́ ẹyin, abo ni. Èyí tó ń ṣọ́ ìta, akọ ni.

Ọmọ_Òkè_Àdó

Ẹ̀yin àgbà, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n Olódò, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé omi lè mú kí gbogbo ọmọ kribensis jẹ́ akọ. Ṣé òótọ́ ni?

Olódò_Ethiope

Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí omi bá kan, ká ní pH rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 5 sí 5.5, akọ ló máa ń pọ̀ jù nínú ọmọ. Bó bá sún mọ́ 7, abo ló máa ń pọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ara ọmọ kò tíì pinnu. Ẹja tó ti dàgbà kò ní yí padà nítorí pé o yí omi padà. Àwọn apistogramma ti Gúúsù Amẹ́ríkà náà ní irú nǹkan báyìí, àmọ́ ìgbóná omi ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú tiwọn: bí omi bá gbóná jù, akọ á pọ̀. Èmi nígbà àkọ́kọ́, ọmọ 60 ni mo sin dàgbà, abo mẹ́rin péré ni mo rí nínú wọn. Ewé gbígbẹ tí mo kó sínú omi ló mú un kan tó bẹ́ẹ̀. Wọn omi kànga rẹ kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Ará_Houston

Convict ni kí àbúrò wa fi kọ́ ojú rẹ̀, tó bá rí i rà. Abo rẹ̀ kéré, ó ní àwọ̀ ọsàn níkùn. Akọ tóbi, kò ní àwọ̀ ọsàn yẹn, lẹbẹ rẹ̀ gùn, bó bá sì gbó, iwájú orí rẹ̀ á wú. Kò sí síkílíìdì tó tún rọrùn tó o. Kó ṣọ́ra fún blood parrot: àdàlù ni, ọ̀pọ̀ akọ wọn ò lè fún ẹyin lọ́mọ. Tèmi yé ẹyin fún ọdún méjì, mo sì ní akọ lóòótọ́, funfun náà ni gbogbo rẹ̀ ń dà.

Ọmọ_Òkè_Àdó (ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà)

Ẹ káàárọ̀ o. Wọ́n yé ẹyin lálẹ́ àná. Mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ bí Bàbá_Táńkì ṣe wí. Àwọn méjèèjì kúkú lẹ́nu. Ti èyí tó tóbi, tí mo ti ń pè ní “bàálé” láti oṣù mẹ́jọ, tilẹ̀ nípọn ju ti èkejì lọ. Mo jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan, méjèèjì fi ẹyin lélẹ̀ lójú mi. Abo méjì ni.

Ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀. Kí ni kí n ṣe báyìí? Ṣé kí n ra akọ kan fún wọn?

Bàbá_Táńkì

Ibo lo ti fẹ́ ra akọ tí o máa mọ̀ pé akọ ni? Àfi bí o bá rí ẹni tó ní ọkọ tó ti bímọ rí tó sì ṣe tán láti tà á.

Ra ọmọ mẹ́fà tó tó owó kọ́bọ̀ àtijọ́. Ra mẹ́ta níbì kan, mẹ́ta níbòmíràn, kí wọ́n má baà jẹ́ ọmọ ìyá kan. Sin wọ́n papọ̀, kí wọ́n fẹ́ ara wọn fúnra wọn. Nínú mẹ́fà, ó ṣòro kí gbogbo wọn jẹ́ akọ tàbí abo. Bí méjì bá ti mú igun kan tí wọ́n ń lé àwọn yòókù, kó àwọn yòókù kúrò. Má fi wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ìyá méjì yẹn, wọ́n á fìyà jẹ wọ́n.

Ìyá_Elépìyà

Má ta àwọn ìyá náà o. Bí o bá rí akọ lára àwọn ọmọ yìí, èyí tí kò rí ìyàwó lè bá wọn gbé.

Ọmọ_Òkè_Àdó (oṣù méje lẹ́yìn náà)

Mo dé o, ẹ̀yin òbí mi.

Mẹ́fà ni mo rà, márùn-ún ló yè. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, méjì yọ ara wọn sọ́tọ̀. Èyí tó kéré jù nínú àwọn márùn-ún wà lára wọn, mo sì ti rò pé abo ni nítorí bó ṣe kéré. Lọ́jọ́rú, nǹkan kékeré abẹ́ ikùn rẹ̀ yọ: tín-ín-rín, ṣóńṣó, ó kọjú síwájú. Òun ni akọ! Ìyàwó ń fi ẹyin lélẹ̀, ọkọ ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ní ọ̀nà kan náà láìyà síbìkan. Ẹyin náà kò pọ̀ tó ti àwọn ìyá méjì yẹn, bóyá ó tó igba.

Ní ọjọ́ kejì, mo ka funfun mẹ́tàdínlógún. Gbogbo àwọn tó kù mọ́ gaara. Lẹ́yìn wákàtí 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, wọ́n pa. Wọ́n rọ̀ mọ́ ara sílétì, òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n yé ẹyin sí, wọ́n ń gbọ̀n ìrù, mo sì rí ojú dúdú bíńtín bíńtín lára wọn. Bàbá ń fi ẹnu ṣa àwọn tó já bọ́, ó ń tu wọ́n padà sójú kan.

Gíláàsì_Mímọ́

Ẹ kú oríire o! Báwo ni iwájú orí akọ náà ṣe rí?

Ọmọ_Òkè_Àdó

Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gbọ́n. Ti ìyàwó ló yọ.

Gíláàsì_Mímọ́

Mo gbà. Mi ò ní fi kọ́ ẹlòmíràn mọ́.

Bàbá_Táńkì

Ọmọ mi, inú mi dùn. Máa ṣọ́ wọn. Ní bí ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n pa, wọ́n á já, wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́. Wọn ò ní jẹ nǹkan kan ṣáájú ìyẹn, torí náà má da oúnjẹ sí i. Ìgbà tí wọ́n bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ ni kí oúnjẹ wà nílẹ̀. Ṣé o ti ní ẹyin artemia, edé bíńtín tí ọmọ ẹja ń jẹ?

Ọmọ_Òkè_Àdó

Ó ti wà nílé, bàbá. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin ni mo máa rẹ ẹ́ sómi oníyọ̀ kí ó lè pa ní ọjọ́ kejì. Ìgò méjì ni mo ti fọ̀ sílẹ̀.

Bàbá_Táńkì

Rẹ ẹ́ nínú ìgò kan lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, èkejì lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún, kí ó má baà tán lójijì. Kọ sí wa ní ọjọ́ kẹfà.